Ẹ̀jẹ̀ ń yọ tí mo bá ti bá ọkọ mi sùn, skáànù ní pọ́líìpù ni: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tòlú, Ìbàdàn
Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo gbé wá, ẹ bá mi fi etí ìyá gbọ́ ọ.

Ọmọ ọdún 39 ni mí, mo bí mẹ́ta. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ìgbàkígbà tí èmi àti bàbá Tòlú bá ti wà papọ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa fòò á yọ díẹ̀. Nǹkan oṣù mi tí kì í ju ọjọ́ mẹ́rin lọ ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tó bá sì dá, kò ní pẹ́ tí á tún máa kán tó-tó láàárín oṣù. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì.

Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní nǹkan pupa kékeré kan tó tó ẹyọ ẹ̀wà so mọ́ ẹnu ilé ọmọ mi. Wọ́n ní kí n lọ ṣe skáànù. Èsì skáànù ní pọ́líìpù mìíràn tún wà nínú ilé ọmọ gan-an, sẹ̀ǹtímítà 1.4. Dókítà kan ládùúgbò wa ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn á ṣe D&C, àwọn á fọ ilé ọmọ mọ́, ó parí. Àǹtí mi ní ìju ni, àgbo ló máa fà á wálẹ̀. Bàbá Tòlú kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ ló wà lọ́kàn rẹ̀, torí alaalẹ́ ló ń bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ.

Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ṣé kí n lọ lọ́jọ́ Ẹtì? Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú yín?

Àdùnní Ẹ̀gbá
Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Tòlú. Èmi ti ṣe é rí. Lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò lásán ni mo wà, dókítà fi nǹkan bí ẹ̀mú gígùn mú un, ó ń lọ́ ọ títí ó fi já. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò gba abẹ́rẹ́ oorun, mo wọ dánfó lọ sílé fúnra mi. Inú kàn rún mi díẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà ọ́, kò lè dùn ọ́.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo
Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Ọmọ mi, má kánjú jẹ́ kí wọ́n ki irin bọ ilé ọmọ rẹ. Àǹtí rẹ kò purọ́. Wọ́n rí irú rẹ̀ lára èmi náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mu àgbo fún oṣù méjì, mo padà lọ ṣe skáànù, wọn kò rí nǹkan kan mọ́. Ìyá tó se é fún mi ní èyí tí wọ́n ń kì sójú ara ló tètè ń ṣiṣẹ́ jù. Èmi kò lo ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó lò ó pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ àná, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ gùn díẹ̀.

Ìju kọ́ ni pọ́líìpù. Inú ẹran ilé ọmọ, ẹran tó máa ń sún jọ nígbà ìrọbí, ni ìju ti ń hù, ó sì máa ń le. Pọ́líìpù ń hù lára awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ, èyí tó ń ṣí kúrò lóṣooṣù bá ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù jáde. Ó rọ̀, ìdí rẹ̀ sì sábà máa ń tín-ín-rín bíi ti olú tó hù lára igi. Èyí tó wà lẹ́nu ilé ọmọ náà rọ̀ bẹ́ẹ̀, bí nǹkan bá ti kàn án báyìí, á ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tí Ìyá Tòlú ń rí lẹ́yìn ìbálòpọ̀ lè wá láti ibẹ̀. Èyí tó wà nínú ló ṣeé ṣe kó máa fa nǹkan oṣù gùn.

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nínú 100 pọ́líìpù ẹnu ilé ọmọ, a lè má rí ẹyọ kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti inú ilé ọmọ fi díẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń pọ̀ sí i lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pátápátá tí ẹ̀jẹ̀ wá tún ń yọ. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tún lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Pé a rí pọ́líìpù kò ní kí nǹkan mìíràn má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Tòlú, bí ẹ kò bá tíì ṣe Pap smear (àyẹ̀wò tó ń wá àmì jẹjẹrẹ lẹ́nu ilé ọmọ) tàbí àyẹ̀wò HPV (kòkòrò àìfojúrí tó ń fa jẹjẹrẹ náà) rí, ẹ béèrè fún un kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó ku D&C, òun ló dùn mí jù. Afọ́jú ni D&C. Dókítà ń ki irin wọ ilé ọmọ, ó ń ha á, kò rí ibi tó ń ha. Pọ́líìpù tó rọ̀ á kàn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin á gba orí rẹ̀ kọjá. Mo ti dúró ní yàrá iṣẹ́ abẹ níbi tí wọ́n ti ní àwọn ti kó o tán, tí obìnrin náà sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú èyí kan náà níbi kan náà. Bí wọ́n bá sì ha á jù, inú ilé ọmọ lè lẹ̀ mọ́ra, nǹkan oṣù á di fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó má wá mọ́. Hysteroscopy ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ̀rọ tín-ín-rín kan tó ní iná àti kámẹ́rà ni, ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n ń gbé e gbà wọlé, wọ́n á fi omi fẹ inú rẹ̀ kí ó lè hàn, wọ́n á wá gé pọ́líìpù láti ìdí, ojú wọn á sì wà lára rẹ̀. Wọn kì í la ikùn.

Ẹ lọ ṣe PCV, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ Ẹtì. Àyà tó ń lù yẹn, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ti dín lára yín. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún náà, bó ti wù kó dá yín lójú tó.

Ìyá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n lórí kíkì nǹkan sójú ara, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ti tọ́jú obìnrin tí álọ́ọ̀mù àti egbò tí wọ́n lọ̀ jó ojú ara rẹ̀ títí ó fi lẹ̀ pọ̀. Iṣẹ́ abẹ la fi là á padà.

Bàbá Fọlá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀

Ọkùnrin ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ nípa D&C ló ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é fún un láàárín ọdún kan, owó méjì, abẹ́rẹ́ oorun méjì, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ní "a ti kó o kúrò". Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ìkẹta, wọ́n fi rọ́bà kékeré da omi iyọ̀ sínú ilé ọmọ, wọ́n wá ṣe skáànù nígbà tí omi wà níbẹ̀. Nǹkan náà kàn fò hàn láàárín omi ni. Wọ́n ṣe hysteroscopy, dókítà pè mí wá wo fídíò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó tó orí àtàǹpàkò ọmọdé, odindi ló wà níbẹ̀, irin D&C méjèèjì kò kàn án. Láti ìgbà náà, ọjọ́ márùn-ún ni nǹkan oṣù rẹ̀ ń gbà.

Ìyá Tòlú, ẹ má lọ lọ́jọ́ Ẹtì. D&C kò wúlò fún nǹkan kan.

Ẹ sọ fún ọkọ yín pé kó bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà kó bi í ní ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀. Èmi náà dákẹ́ nígbà yẹn, ìyàwó mi rò pé mo ń bínú sí òun ni.

Ìjẹ̀bú ní London
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:12 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àdùnní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kò lè dùn ún. Ti ẹnu ilé ọmọ lẹ ṣe. Ti inú yàtọ̀ sí i.

Ojú mi là sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe hysteroscopy tèmi níbí, bí wọ́n ti sábà ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní kí n lo paracetamol àti ibuprofen ní wákàtí kan ṣáájú. Obìnrin tó wọlé ṣáájú mi rìn jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi làágùn títí aṣọ mi fi rin, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mo rò pé kí n fara dà á, torí bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, kí obìnrin má pariwo. Nígbà tó yá mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n sì dúró lóòótọ́. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ oorun ṣe é, n kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ìgbà tó parí.

Ẹ bi wọ́n ṣáájú: irú abẹ́rẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ lò, kí ni wọ́n máa ṣe bó bá dùn yín jù. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí ikọ́ ẹ̀fúùfù (asthma) kó sọ fún dókítà kó tó gbé ibuprofen mì.

Àdùnní Ẹ̀gbá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

O ṣeun, àbúrò mi. Òótọ́ ni, ti ẹnu ilé ọmọ nìkan ni mo mọ̀. Ìyá Tòlú, mo mú ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:02 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gba ti kíkì sójú ara. Ṣùgbọ́n ti èyí tí mo mu, ojú mi ló ṣe. Skáànù àkọ́kọ́ rí i, ìkejì kò rí i. Ta ló wá mú un kúrò bí kì í bá ṣe àgbo?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Ìyá mi, mo gbà pé òótọ́ lẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: báwo ló ṣe tóbi tó nínú ìwé skáànù àkọ́kọ́? Ọjọ́ mélòó sí nǹkan oṣù lẹ lọ ṣe é?

Mo ń bèèrè torí pé pọ́líìpù tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan lè rá fúnra rẹ̀ láìlo ohunkóhun. Bí ó bá sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí nǹkan oṣù dé, awọ inú ilé ọmọ ti nípọn, ó lè ká bọ ara wọn kó sì jọ pọ́líìpù lójú skáànù, tàbí kó bo èyí tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yìn tí nǹkan oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kó tó di ọjọ́ kẹwàá, ló dára jù láti wò ó, torí awọ ti fẹ́lẹ́ nígbà náà.

Bàbá Fọlá, ẹ pẹ̀lẹ́ fún ohun tí ojú yín rí. Àmọ́ n kò ní D&C kò wúlò rárá. Àwọn ìgbà wà tó jẹ́ òun la nílò, bí oyún bá bàjẹ́ tó kù díẹ̀ nínú, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà gidi tí kò sí ohun mìíràn nítòsí. Pọ́líìpù tí a ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni mo ní kí a má fi wá kiri.

Ìyá Ìbejì Ọ̀ṣogbo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:17 ìrọ̀lẹ́

Mo lọ tú àpò ìwé mi. Mílímítà 6 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin kí n rí nǹkan oṣù nígbà náà, mo rántí torí ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa. N kò mọ̀ pé ìyẹn ní ìtumọ̀. Ìyá Tòlú, tìrẹ ju ìlọ́po méjì tèmi lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ lára rẹ. Tẹ̀lé ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ.

Kẹ́mi Ìlá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:55 alẹ́

Èmi ní i láti ọdún márùn-ún, wọ́n ṣèèṣì rí i nígbà skáànù kíndìnrín ni. Kò sẹ̀jẹ̀, kò sí ìrora, dókítà ní ká máa ṣọ́ ọ. Bí kò bá yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ẹ fi sílẹ̀, kò kan ọjọ́ orí.

Ṣadé Àkúrẹ́
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mi, ó kan ọjọ́ orí. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láyé ka èyí.

Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 63 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ lára wọn, bíńtín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí nǹkan oṣù wọn ti dá. Àwọn ẹbí ní ara màmá ṣì le, wọ́n fi dápàárá. Àwọn fúnra wọn tijú láti sọ ọ́ mọ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ ló tún yọ, ó sì pọ̀. Skáànù rí pọ́líìpù, wọ́n yọ ọ́, èsì yàrá àyẹ̀wò ní jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n yọ ilé ọmọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò tíì jáde kúrò níbẹ̀, wọ́n wà láàyè, àná ni wọ́n fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà yẹn ṣì máa ń jí mi lóru.

Bí nǹkan oṣù bá ti dá fún ọdún kan gbáko, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó láti gbé ìyá yín lọ sí ọsibítù. Ẹni tó sì ń lo tamoxifen nítorí jẹjẹrẹ ọmú, kó tètè sọ fún dókítà bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, torí oògùn náà máa ń mú kí pọ́líìpù hù nínú ilé ọmọ. Kó má kàn dá oògùn náà dúró fúnra rẹ̀ o.

Oníṣẹ́ Láàbù
Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Iṣẹ́ wíwo ẹran ara lábẹ́ maikirosíkópù ni mò ń ṣe, mo fẹ́ sọ ohun tó ń bà wá nínú jẹ́. Wọ́n á yọ pọ́líìpù, wọ́n á fi han aláìsàn, wọ́n á jù ú nù. Tàbí kí wọ́n gbé e wá fún wa nínú omi lásán lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti jẹrà, a kò lè ka nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Inú formalin, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ni kó wọ̀ ní kété tó bá ti jáde, kí omi náà tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ìyá Tòlú, méjì ni tiyín, ìgò méjì ni: kí wọ́n kọ "ẹnu ilé ọmọ" sí ọ̀kan, "inú ilé ọmọ" sí èkejì, pẹ̀lú orúkọ yín. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀ tí ọ̀kan sì ní ìṣòro, a ò ní mọ ibi tó ti wá. Bí ilé ìwòsàn náà kò bá ní láàbù histology, àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní i, bíi UCH n'Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹ gba ìwé èsì náà sọ́wọ́, ẹ má gba ti ẹnu.

Ìyá Tòlú, Ìbàdàn
Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Mo sunkún nígbà tí mo kà á tán, ẹkún ìtura ni. Mo ti sọ fún wọn pé n kò ní wá lọ́jọ́ Ẹtì. PCV mi jẹ́ 26. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí bàbá Tòlú, ó ní òun á bá mi lọ.

Ìbéèrè mi ku mẹ́ta. Èló ni wọ́n ń gbà? Ṣé ó lè tún hù? Àbúrò mi obìnrin lóyún oṣù mẹ́rin, wọ́n sọ fún òun náà pé ó ní ọ̀kan lẹ́nu ilé ọmọ, kí ló yẹ kó ṣe?

Bàbá Fọlá
Ọjọ́rú, 9:33 alẹ́

Owó yàtọ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́ fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ oorun, bẹ́ẹ̀dì, àti ti láàbù tí wọ́n sábà ń gbàgbé. Bí ẹ bá ní ìwé adójútòfò ìlera, ẹ lọ bèèrè ṣáájú bóyá wọ́n á san án.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí
Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Ó lè tún hù, pàápàá ti inú ilé ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ẹ padà lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìwọ̀n ara náà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ara sísanra jù máa ń bá pọ́líìpù inú ilé ọmọ rìn.

Ti àbúrò yín, bí kò bá ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ìrísí rẹ̀ kò sì mú ìfura wá fún dókítà, wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ títí ó fi bímọ. Kó sọ fún àwọn tó ń tọ́jú oyún rẹ̀, kó má sì rò pé gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá yọ, pọ́líìpù ló fà á. Ẹ̀jẹ̀ nínú oyún, ọsibítù ni.

PCV 26 kéré. Ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá kọ fún yín, ẹ fi omi ọsàn gbé e mì, kì í ṣe tíì tàbí mílíìkì. Ìgbẹ́ yín á dúdú, ẹ má fòyà.

Ìyá Tòlú, Ìbàdàn
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, mo padà dé.

Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ni mo lọ. Wọ́n ṣe Pap smear, kò sí nǹkan. Wọ́n jẹ́ kí n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì dúró de ọjọ́ kẹjọ nǹkan oṣù mi. Wọ́n ki oògùn kan sí mi lójú ara lóru ọjọ́ tó ṣáájú kí ẹnu ilé ọmọ lè rọ̀, inú rún mi ní òru yẹn ju ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ oorun ni mo gbà. Wọ́n lọ́ ti ìta kúrò, wọ́n gé ti inú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo wà nílé. Ẹ̀jẹ̀ kán fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní kí nǹkan kan má wọ ojú ara mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé bí ara mi bá gbóná, bí omi tó ń rùn bá ń jáde, tàbí bí pádì kan bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, kí n sáré padà. Ìkankan kò ṣẹlẹ̀.

Bàbá Tòlú ló di ìgò méjèèjì mú. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbé wọn fún láàbù. Èsì jáde lánàá: kò sí jẹjẹrẹ nínú ìkankan. Ó dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó gbórí lé sítíárì, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́.

Dókítà bi mí bóyá mo ní ọmọbìnrin. Ó ní láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Kì í ṣe nítorí pọ́líìpù, HPV kọ́ ló ń fà á, nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni. Tòlú ti pé ọdún 12. Ọjọ́ Ajé ni a ń lọ.